Ta Ni Ẹlẹgbẹ́ Tí Yóò Yẹ Ìtàn Kọmáńdà Forbes Wò?

Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ogun Dàhòmì fi ojú ilẹ̀ Yorùbá ìwọ̀-oòrùn rí kì í kọ́kọ́ lọ jókòó ti àgbà mọ́, yálà Adja-Ouèrè ni ó ń gbé, tàbí Ikpinlè, tàbí abà kan lọ́nà Massè. Fóònù ni yóò ṣí. Bí ó bá wádìí dé ọdún 1850, kò ní pẹ́ tí yóò fi pàdé orúkọ ọ̀gágun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kan, Frederick Edwyn Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ogun Bonetta. Yóò kà pé ọkùnrin yìí dé ààfin Agbómẹ̀, pé Ọba Gezo fún un ní ọmọbìnrin kékeré kan, pé ó gba ọmọ náà lọ́wọ́ ikú, ó sì mú un dé iwájú Ọbabìnrin Victoria. Ìtàn náà dùn ún kà. Olùgbàlà wà nínú rẹ̀, ìkà wà nínú rẹ̀, ọmọ aláìṣẹ̀ wà láàárín wọn. Ìlú tí wọ́n ti kó ọmọ náà lẹ́rú nìkan ni ó dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, bí àlejò tí a kò fún ní ìjókòó.

Òkè-Ọ̀dàn ni ìlú náà, ní ilẹ̀ Yewa, ìpínlẹ̀ Ògùn òde òní. Kò jìnnà sí Adja-Ouèrè. Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fẹnu kò lé lórí ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889 ni ó sọ àwọn ará ibẹ̀ àti àwọn ará ìhín di ọmọ orílẹ̀-èdè méjì. Kí ààlà náà tó dé, ogun kan náà ni wọ́n jọ ń sá fún. Àwọn Ọ̀họ̀rí fi àbàtà Kumi ṣe odi. Kétu ní odi gidi, odi tí òkìkí rẹ̀ kàn, síbẹ̀ Dàhòmì fọ́ ìlú náà ní ọdún 1886. Òkè-Ọ̀dàn ti fọ́ ṣáájú rẹ̀, ní ọdún 1848. Ẹni tó ń roko ní agbègbè yìí kò gbọdọ̀ ka ìgbésí ayé Forbes bí ẹni ń ka ìròyìn ìlú òyìnbó. Ẹ̀ka ìtàn tirẹ̀ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ọkọ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n ti kọ ọ́.

Àwọn tí ń kọ ìwé ìmọ̀ ọ̀fẹ́ tí gbogbo ayé ń kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyíinì Wikipedia, ní àṣà kan tí ó yẹ ní ìyìn. Nígbà tí ẹnì kan bá ti kọ ìtàn ìgbésí ayé ọ̀gágun kan, ó lè gbé e síwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní gbangba. Wọn yóò bi í léèrè ibi tí ó ti rí ọ̀rọ̀ yìí, ìdí tí ó fi gba ẹlẹ́rìí kan gbọ́ tí ó sì pa èkejì tì, àti ohun tí ó mú un fo ọdún mẹ́ta láàárín ìpínrọ̀ méjì. Ipele kan wà tí ẹnì kan ṣoṣo tó fún àyẹ̀wò náà. Láàárín àwọn tí ń kọ nípa ogun àti ológun lédè Gẹ̀ẹ́sì, ipele gíga kan wà tí ó kéré tán ẹni mẹ́ta gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí iṣẹ́ náà tó yege. Kò sí olóye tí yóò bu ẹnu àtẹ́ lu irú ètò bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí a bá wọn jà lé lórí ni ọ̀rọ̀ náà gan-an: ẹlẹgbẹ́. Bí gbogbo àwọn tí ń yẹ ìtàn Forbes wò bá jẹ́ olólùfẹ́ ọkọ̀ ogun, wọn yóò mọ iye ìbọn tí ọkọ̀ rẹ̀ gbé, wọn yóò mọ ọjọ́ tí ó gba oyè kọmáńdà, wọn yóò sì fi àmì ìdánudúró sí ibi tí ó yẹ. Ta ni nínú wọn tí yóò mọ̀ pé Okeadon tí ọkùnrin náà kọ sínú ìwé rẹ̀, Òkè-Ọ̀dàn ni?

Ìwé náà ni *Dahomey and the Dahomans*, apá méjì, tí ó jáde ní ọdún 1851. Orí rẹ̀ ni ohun púpọ̀ tí a mọ̀ nípa ìrìn àjò rẹ̀ méjèèjì sí Agbómẹ̀, ní 1849 àti 1850, dúró lé. Forbes gbọ́ orúkọ ìlú wa, ó sì kọ wọ́n bí etí òyìnbó ṣe gbọ́ ọ: Abẹ́òkúta di Abeahkeutah, Atakpamé di Attahpahm. Ẹni tó mọ èdè yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì kà á lọ. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò da orúkọ náà kọ bí ó ṣe rí i, ìlú tó ní ọba, tó ní ọjà, tó ní àwọn ọmọ tó ṣì wà láàyè yóò sì di ọ̀rọ̀ kan tí a kò lè rí lórí àwòrán ilẹ̀. Olùkọ́ ìtàn kan ní Pobè lè tún èyí ṣe ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ohun tí ó dájú ni pé ọ̀jọ̀gbọ́n ọkọ̀ ojú omi kan ní Portsmouth kò lè tún un ṣe, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.

Àwọn kan láàárín wa a máa sọ pé àyẹ̀wò ẹlẹgbẹ́ jẹ́ ọgbọ́n àjèjì, pé ìtàn ilé ọba kì í ṣe ohun tí à ń gbé síta fún ẹni tó wù ú láti fọwọ́ kàn. Ẹnu wọn ni wọ́n fi ń sọ ọ́, wọn kò wo ẹ̀yìn. Ní Kétu, ìdílé Oyèdé ni oyè Baba Ẹlẹ́gùn wà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ ìtàn ìlú àti ti àwọn ọba sórí, kí ó sì kà á jáde nígbà tí wọ́n bá ń fi Alákétu tuntun jẹ. Bí ó bá kà á pé, èrè ń bẹ. Bí ó bá ṣì í, ìyà ń bẹ. Kì í ṣe inú yàrá ni ó ti ń kà á. Ojú àwọn tí àwọn náà mọ ibi tí ìtàn gbà kọjá ni, ẹni tí yóò bá sì pa orúkọ ọba kan jẹ níbẹ̀ mọ̀ pé àwọn ọmọ ọba náà ń gbọ́. Kí tún ni à ń pè ní àyẹ̀wò ẹlẹgbẹ́? A tilẹ̀ le ju ti àwọn onílé ìwé ìmọ̀ lọ, nítorí pé wọn kò fi orí ṣe ìdúró. Ní òru Ẹ̀fẹ̀ pàápàá, nígbà tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kò tíì jáde, ìlú kì í dákẹ́ fún akọrin tó bá purọ́.

Láti inú ọgbọ́n ààfin yìí ni ó yẹ kí àyẹ̀wò ìtàn Forbes ti bẹ̀rẹ̀, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: ọmọ ọba.

Gbogbo ibi tí a bá ti dárúkọ Forbes ni a ti ń sọ pé ọmọ ọba ilẹ̀ Áfíríkà ni ó gbà là. Ìwé tí Walter Dean Myers kọ fún àwọn ọ̀dọ́ ní ọdún 1999 pè é bẹ́ẹ̀ láti ojú èèpo. Oyè ńlá ni èyí, oyè tí ìlú kankan ní ilẹ̀ Yorùbá kì í fi ṣeré. Kí ni ẹ̀rí rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé ìrònú Forbes fúnra rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé àṣà ààfin Dàhòmì ni láti fi àwọn ẹrú tí a bí ní ilé ńlá pamọ́ fún ìrúbọ lórí ibojì àwọn ìjòyè. Ó ní wọn kò ta ọmọ yìí fún àwọn oníṣòwò ẹrú. Nítorí náà, ó ní, ọmọ ilé rere ni. Ibẹ̀ ni ìrònú náà dúró. Ó tún kọ ọ́ pé ọmọ náà kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìtàn ara rẹ̀, àfi pé wọ́n bẹ́ àwọn òbí rẹ̀ lórí, tí kò sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀. Láti ‘ọmọ ilé rere’ dé ‘ọmọ ọba’ jẹ́ ọ̀nà jíjìn, àwọn tó kọ̀wé lẹ́yìn rẹ̀ sì fi ẹsẹ̀ kan fò ó. Wọ́n fi ilà ojú ọmọ náà kún un bí ẹ̀rí. Ilà ojú lè sọ ìlú, ó lè sọ ìdílé, ṣùgbọ́n ó ń béèrè ẹni tó mọ̀ ọ́n kà, kò sì sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní Windsor ní ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá ọdún 1850 tí wọ́n mú un lọ síwájú Victoria.

Àgbà tó bá jókòó sí ààfin ní agbègbè yìí kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ìbéèrè ni yóò béèrè. Ilé ọba wo? Ta ni baba rẹ̀, kí ni oríkì wọn, ìgbà wo ni wọ́n jẹ ní Òkè-Ọ̀dàn? Bí a kò bá rí ìdáhùn, kì í ṣe pé ọmọ náà di ọmọ lásán. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ìwé ìmọ̀ sọ òtítọ́ bí ó ṣe rí: pé Forbes rò ó pé ilé ńlá ni a ti bí i, pé àwọn tó tẹ̀lé e pè é ní ọmọ ọba. Gbólóhùn méjì ni. Wọ́n ya èrò sọ́tọ̀ kúrò lára òtítọ́, wọn kò sì gba ohunkóhun lọ́wọ́ ọmọ náà. Àwọn kan yóò bínú sí èyí, nítorí pé ó dùn mọ́ni láti gbọ́ pé ọmọ ọba wa jókòó ní ààfin Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tí ń bínú náà ni yóò kọ́kọ́ gbé ẹjọ́ dìde bí ẹnì kan bá jí lónìí tó ní òun jẹ́ ọmọ oyè láìní ìdílé tó lè tọ́ka sí. Ní Benin níbi tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ti ṣe òfin lórí oyè ìbílẹ̀ ní ọdún 2025, tí olúkúlùkù ìlú sì ń tú àkójọ ìtàn rẹ̀ wò, ó yẹ kí a ti mọ iye tí ọ̀rọ̀ kan lè ná ni.

Orúkọ rẹ̀ ńkọ́? Forbes fún un ní orúkọ ara rẹ̀, ó fi ti ọkọ̀ rẹ̀ kún un: Sarah Forbes Bonetta. Ọmọ ènìyàn ń jẹ́ orúkọ ọkọ̀ ogun. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ń ṣe ìgbéyàwó ní Brighton ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 1862, orúkọ kan ṣáájú Sarah nínú ìwé ìgbéyàwó náà: Ina. Àwọn òpìtàn gbà pé Àìná ni. Kò sí ìyá kan ní Ikpinlè tí a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé orúkọ yìí fún: àmútọ̀runwá ni, orúkọ ọmọ tí ìwọ́ rẹ̀ kọ́ lọ́rùn wá sáyé. Ó fi hàn pé ọmọ náà gbé ohun kan kúrò ní ilé tí ogun kò gbà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó sì pa á mọ́ fún ọdún méjìlá láàárín àwọn tí kò gbọ́ èdè rẹ̀. Nínú ìtàn ìgbésí ayé ọ̀gágun tó fún un ní orúkọ mìíràn, ìlà kan yẹ kí ó wà fún èyí. Olùyẹ̀wò tí kò gbọ́ Yorùbá kò lè béèrè fún ìlà náà, nítorí kò mọ̀ pé ó sọnù.

Àṣìṣe mìíràn wà tí ó rọrùn láti ṣe. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1851, nígbà tí àwọn ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ kọlu Èkó tí Kọ́sọ́kọ́ sì lé wọn padà, kọmáńdà kan tó ń jẹ́ Forbes ni ó ṣáájú wọn. Kì í ṣe ẹni tiwa yìí. T. G. Forbes ti ọkọ̀ Philomel ni, òun náà ni ó sì wà nínú àdéhùn pẹ̀lú Abẹ́òkúta ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1852. Frederick Forbes ti kú kí wọ́n tó yin ìbọn ní Èkó. Àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ ogun yóò rí èyí, ọpẹ́ ni fún wọn. Iṣẹ́ tiwọn nìyẹn, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹni méjì tó mọ ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àyẹ̀wò ń fẹ́.

Ìgbà kan ti wà tí ayé fi kọ́ irú ẹ̀kọ́ yìí lára Forbes kan náà. Ní ọdún 1849, ó rí àwọn ará Vai ní tòsí Liberia tí wọ́n ń fi àmì tiwọn kọ̀wé, ó fi ìròyìn rẹ̀ ránṣẹ́ sílé, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde gẹ́gẹ́ bí àwárí. Mọ́mólù Dúwálù Bùkẹ̀lẹ̀ ni ó ṣe ìkọ̀wé náà ní nǹkan bí ọdún 1833. Lónìí, kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ tó máa pe Forbes ní ẹni tó bí i. A ti tún gbólóhùn yẹn ṣe láìbu Forbes. Ohun tó rí ni a ní ó rí. Bí ó ṣe rọrùn fún Vai, kí ló dé tí ó fi ṣòro fún Òkè-Ọ̀dàn?

Ọ̀gágun ojú omi kejì wà nínú ìgbésí ayé Àìná tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ. Ọkọ rẹ̀ ni, James Pinson Labulo Davies, tí a bí ní Sierra Leone ní ọdún 1828, ọmọ àwọn Yorùbá tí a gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú. Òun náà kọ́ṣẹ́ lábẹ́ àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ní etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, lórí ọkọ̀ Volcano, ó sì wà níbi ogun Èkó ní ọdún 1851. Ó di oníṣòwò ńlá, ó ran ilé ẹ̀kọ́ gíga CMS ní Èkó lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1859, ó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbin kòkó ní ilẹ̀ yìí, ní oko rẹ̀ ní Ìjọn. Àìná kú ní Madeira ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún 1880. Davies gbé ayé títí di 1906. Ẹ fi ìtàn ọ̀gágun méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ẹ béèrè èyí tí àwọn ọmọ wa mọ̀. Àwọn tí ń bínú pé ìwé ìmọ̀ kún fún òyìnbó lè fi ìbínú náà ṣe iṣẹ́ lórí Davies: Adéyẹmọ Ẹlẹ́bùtẹ́ ti kọ odindi ìwé lórí rẹ̀, ẹ̀rí kò wọ́n.

Ìbínú ní tirẹ̀ kò ní tún ojú ewé kan ṣe. Ẹnì kan yóò fẹ́ pa gbogbo ìyìn Forbes rẹ́, kí ó fi èébú rọ́pò rẹ̀. Àwọn olùyẹ̀wò yóò dá a padà kí ilẹ̀ tó ṣú, wọn yóò sì jàre. Forbes kì í ṣe ẹni a lè fi èébú parí. Ó wọ ilẹ̀ Dàhòmì láti rọ ọba láti fi òwò ẹrú sílẹ̀, kò rí i ṣe. Gezo kò fọwọ́ sí àdéhùn títí di 1852, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ogun ti dí ojú òkun Wídà. Ó ròyìn ogun tó fọ́ Òkè-Ọ̀dàn, ìròyìn tí yóò ṣòro láti rí ní ibòmíràn. A kò sì gbọdọ̀ fi àyẹ̀wò yìí ru ìjà àtijọ́ sókè. Nàgó, Ọ̀họ̀rí àti Fọ̀n ni wọ́n jọ ń gbé ní ìjọba ìbílẹ̀ Adja-Ouèrè, wọ́n ń fẹ́ ara wọn, wọ́n ń ná ọjà kan náà. Fọ̀n tó mọ ìtàn Agbómẹ̀ jẹ́ ẹlẹgbẹ́ nínú iṣẹ́ yìí. Òun ni yóò béèrè bóyá ohun tí Forbes pè ní àṣà ìrúbọ rí bí ó ṣe kọ ọ́, ìbéèrè náà sì tọ́.

Ìdènà tó le jù wà nílé. Ìwé ìmọ̀ kì í gba ‘bàbá mi sọ fún mi’. Ohun tí a ti tẹ̀ jáde níbi tí ẹlòmíràn lè rí i ni ó ń gbà. Àwọn kan pè é ní ìgàn sí ìtàn ẹnu, ọ̀rọ̀ náà sì ní òtítọ́ díẹ̀ nínú. Ṣùgbọ́n Parrinder tẹ́tí sí àwọn àgbà Kétu, ó tẹ ìwé ní 1956, lónìí gbogbo ayé ń tọ́ka sí i, A. I. Asíwájú ṣe bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀ Yorùbá ìwọ̀-oòrùn ní 1976. Ìtàn ẹnu kan náà ni, ẹni tó gbà á sílẹ̀ ni ó yàtọ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ ìbílẹ̀ bá ní owó láti ra aṣọ ẹgbẹ́ fún ìwúyè lọ́dọọdún, láti tẹ kàlẹ́ńdà tó gbé àwòrán Kábíyèsí mẹ́rin, tí kò sì ní owó ìwé pẹlẹbẹ ogójì ojú ewé lórí ohun tí àwọn àgbà Ọ̀họ̀rí mọ̀ nípa ogun Dàhòmì, ta ni wọ́n fẹ́ kí ó gba ìtàn náà sílẹ̀? Àgbà kò ní dúró de ìpàdé ọdún tó ń bọ̀.

Yunifásítì Abomey-Calavi ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn tó ń wá ohun tí wọn yóò fi kọ ìwé àṣekágbá. Ìwé ìmọ̀ ọ̀fẹ́ wà ní èdè Faransé, ní Yorùbá, ó sì ti wà ní èdè Fọ̀n. Lẹ́yìn ojú ewé kọ̀ọ̀kan ni ojú ewé ìjíròrò wà tí ó ṣí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Olùkọ́ kan ní Adja-Ouèrè lè fi ìbéèrè mẹ́ta sílẹ̀ níbẹ̀ ní alẹ́ òní, nínú èdè tó bá wù ú: kí ló dé tí a fi kọ Okeadon láìsọ pé Òkè-Ọ̀dàn ni, ìwé wo ni ó kọ́kọ́ pe Àìná ní ọmọ ọba, ẹ̀rí wo ni ó sì mú wá, àti ilé wo ní Òkè-Ọ̀dàn ni a ti lọ béèrè.